Bàbá Kóòṣì Wà Létí Pápá

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa ní Owódé mọ àlejò ṣe ju bó ti yẹ lọ. Ẹni tó bá wá bá wọn gbá bọ́ọ̀lù nílé kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Ṣùgbọ́n bí àwọn náà bá gbéra lọ sílé onílé, nínà ni wọ́n ń na onílé, àfi ẹgbẹ́ Alábàtà, tí kì í gbà kí ẹnikẹ́ni na òun nílé.

Ọkọ mi ni kóòṣì wa. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti kìlọ̀ fún un pé bí Alábàtà bá tún fi lè nà wá nílé wa, kó gbé fèrè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹun kánú mọ́. Ó ń dùn mí, ó sì ń bí mi nínú.

Olùkọ́ ni mí, mo sì fẹ́ràn àtimọ ìdí ọ̀rọ̀. Àwọn kan ní pápá wa ló ń yọ̀. Ṣé orí pápá mìíràn ni àlejò ń gbá tiẹ̀ ni? Àwọn mìíràn ní ọwọ́ ayé ni. Ayé wo ló ráyè tó bẹ́ẹ̀? Nígbà tí Alábàtà fẹ́ gba àlejò, èmi náà wọkọ̀ lọ wo ohun tí wọ́n ń ṣe tí àwa ò ṣe.

Wọn ò ṣe nǹkan kan. Àwọn ará ibẹ̀ ń pariwo lé kóòṣì wọn lórí bí àwọn tiwa ti ń ṣe, ọkùnrin náà ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ìjẹ̀bú ló ti wá. Kò sí bàbá rẹ̀ níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni ojú mi là. Orúnkún ò jẹ́ kí bàbá ọkọ mi lè tẹ̀ lé ẹgbẹ́ lọ sóde, ṣùgbọ́n nílé, létí pápá gan-an ni àga wọn máa ń wà. Wọ́n á ké pé, "Yọ nọ́ńbà méje yẹn, ó ń sùn." Ọkọ mi á yọ ọ́. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni, ìyẹn ló sì ń pa wá.

Ta ni yóò wá sọ fún Bàbá pé kí wọ́n panu mọ́? Kì í ṣe èmi ìyàwó ilé. Lọ́jọ́ tí Alábàtà dé, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn.

"Bàbá mi, àwọn ará Alábàtà ń gbọ́ gbogbo àṣírí tí ẹ ń ké jáde. Ẹ máa fi rán mi."

Bàbá ronú díẹ̀. "Òótọ́ lo sọ. Alárékérekè ni wọ́n."

Eré ò tíì gbóná tí wọ́n fi rán mi. "Sọ fún ọkọ ẹ pé orí ẹ̀ ò pé. Kó yọ nọ́ńbà méje."

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo yí pápá ká, mo dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi, mo ní, "Bàbá ní ẹ kú iṣẹ́."

Ó yíjú sí mi. "Bàbá mi?"

"Bàbá yín."

Mo padà. Wọ́n ní kí n lọ bi í bóyá ojú oorun ló ti yan àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Mo lọ, mo ní inú Bàbá dùn sí i. Níbi àtilọ àtibọ̀, bàtà mi já. Nígbà tó yá, mo ti ń fi àdúrà kún un lọ́wọ́ ara mi, ọkọ mi sì ti ń rìn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Nígbà tí eré fẹ́ parí, nọ́ńbà méje tí ọkọ mi ò yọ ló gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Góòlù kan ṣoṣo yẹn la fi nà wọ́n, fèrè sì dúró lọ́wọ́ ọkọ mi.

Èrò ya bo pápá. Bàbá kò dìde. "Ṣebí mo ní kó yọ ọmọ yẹn?"

Kí n tó wá èsì, ọkọ mi ti dé, ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku.

"Bàbá mi, ẹ ṣeun. Iṣẹ́ tí ẹ ń rán sí mi ló gbé mi ró. Láti kékeré ni mo ti ń retí kí ẹ sọ irú ẹ̀ fún mi."

Bàbá wò ó, wọ́n wò mí. Ilẹ̀ ni mo ń wò.

"Kí ni ìyàwó ẹ ní mo wí?"

"Ó ní ẹ ní mo kú iṣẹ́."

Wọ́n na ọwọ́ sí i.

"Dìde," ni wọ́n wí. "Ìyàwó ẹ ò jẹ́ iṣẹ́ yẹn pé. Mo ní o kú iṣẹ́ gan-an ni, ọmọ mi."