Pákó Tí Mo Fi Ń Pọ́n Irin

N'Ílá, ṣáájú òmìnira, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ káfíńtà kì í jẹ́ kí n fọwọ́ òsì pọ́n irin tí a fi ń gbẹ́ ẹsẹ̀ àga lórí ẹ̀rọ. Òsì ọ̀hún l'Ọlọ́run sì fún mi! Bí mo bá fọ̀tún pọ́n ọn, ẹnu rẹ̀ á wọ́. Ó sú mi. Mo lu ihò tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ sára àjákù ìrókò, mo kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkúta ìpọ́nrin. Irin tó bá wọ ibẹ̀ kò lè yẹ̀, ọwọ́ yòówù kó dì í mú. Ọ̀gá ní ọ̀pá arọ ni. Mo ń pọ́n tèmi lọ.

Nígbà tó yá, ó na irin tirẹ̀ sí mi: "Bá mi pọ́n ọn."

Òsì ni mo fi gbà á.