Mo Fún Píkọ́ọ̀pù Lágbára, Mo Gbàgbé Bíréèkì

Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n kọ́kọ́ gbá mi létí, ṣùgbọ́n èmi ni mo fa ìjà náà.

Píkọ́ọ̀pù kan ló dá a sílẹ̀, ògbólógbòó tó ti lé ní ogún ọdún, tí mo rà lọ́wọ́ aládùúgbò wa kan ní Sharpstown, ní Houston. Mo fẹ́ máa fi wọ́ ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ lórí tírélà kékeré, irú èyí tí kò ní ẹ́ńjìnì tirẹ̀, tí a máa ń so mọ́ ìdí ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ibẹ̀ ni mo gbé ọkọ̀ náà lọ ní ọ̀sán Sátidé kan, pẹ̀lú gbogbo ẹrù tí mo ti rà fún un: tọ́ọ́bò tó máa ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì kó lè lágbára sí i, sàlẹ́ńsà ńlá, táyà tó ga dé itan mi.

Wọ́n wo ẹrù náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bíréèkì ńkọ́?"

"Bíréèkì rẹ̀ ń mú, ẹ̀gbọ́n."

"Ó ń mú òun nìkan. Tó bá wọ́ ọkọ̀ mìíràn sẹ́yìn ńkọ́? Tírélà yẹn ò ní bíréèkì, súpíríǹgì ẹ̀yìn ti rọ̀. Gbogbo ohun tó o rà, eré ni wọ́n máa sá. Kò sí èyí tó máa dá ọkọ̀ dúró nínú wọn."

Òótọ́ ni wọ́n sọ, òun ló sì bí mi nínú. Láti ọjọ́ tí mo ti dé Houston ni wọ́n ti ń sọ ohun tí màá ṣe fún mi: iléèwé tí màá lọ, iṣẹ́ tí màá gbà, ilé tí màá gbé. Ẹnu mi ṣáà là.

"Ta ni ìwọ gan-an?" ni mo wí. "Ṣé ìwọ lo bí mi ni?"

Mi ò pe ẹ̀gbọ́n mi ní "ìwọ" rí láyé mi. Wọ́n rọra gbé sípánà ọwọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n sì fọ́ mi létí. Mo fi orí kàn wọ́n láyà. Àwa méjèèjì ṣubú lu sìmẹ́ǹtì, agbada ọ́ìlì dojú dé, a ń yí nínú rẹ̀ bí ẹlẹ́dẹ̀. Ọwọ́ mi ba páìpù irin kan. Mo fi nà wọ́n lápá, mo sì gbọ́ ìró egungun. Síbẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kejì fún mi lọ́rùn títí ojú mi fi ṣú. Fúnra wọn ni wọ́n fi mí sílẹ̀.

"Gbé ọkọ̀ rẹ kúrò níbí," ni wọ́n wí. Wọn ò pariwo.

Ẹlòmíràn ló bá mi de tọ́ọ́bò náà. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ lórí freeway, ọ̀nà márosẹ̀ ńlá, ó bú ramúramù, ó sì fò síwájú. Inú mi dùn débi pé mo ń dá rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo wọ́ jíìpù kan tó ti kú lọ sí Sugar Land, ìlú kan lẹ́bàá Houston. Ọkọ̀ kan ṣàdédé já síwájú mi. Mo tẹ bíréèkì. Píkọ́ọ̀pù fẹ́ dúró, tírélà kọ̀. Ó ń ju ìdí sọ́tùn-ún, ó ń jù ú sósì, bẹ́ẹ̀ ni mo tún ń tẹ bíréèkì le. Ó gbé mi lu ògiri kọnkéré. Ẹ̀wọ̀n tó so jíìpù mọ́ tírélà já, jíìpù yí wá, ó ya wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi, gíláàsì fọ́ sí mi lọ́rùn. Irin ilẹ̀kùn ká mọ́ ọwọ́ òsì mi. Ẹsẹ̀ mi sì há mọ́ ibi tí a ń tẹ̀ fún eré, ẹ́ńjìnì náà ń ké lọ bí ẹ̀jẹ̀ mi ṣe ń ṣàn. Ọlọ́run ló ní kí n má pa ẹnikẹ́ni.

Ìka méjì ni dókítà gé. Nígbà tí mo lajú, ẹ̀gbọ́n mi ló jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, POP tí wọ́n fi de egungun ṣì wà lápá wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí."

"Ká ní o pa ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́?"

Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.

Wọn ò jẹ́ kí n ta píkọ́ọ̀pù náà fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Nígbà tí ara wa yá díẹ̀, wọ́n yọ tọ́ọ́bò, wọ́n gbé e lé orí irin, wọ́n sì fi òòlù fọ́ ọ yángá. Lẹ́yìn náà la wá de bíréèkì tó tóbi àti súpíríǹgì tuntun. Tírélà pàápàá gba bíréèkì tirẹ̀, pẹ̀lú àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn tí mo lè fi dá a dúró. Bí nọ́ọ̀tì bá bọ́ lọ́wọ́ mi, èébú ni wọ́n fi ń bá mi ṣà á.

Lọ́jọ́ tí a gbé ọkọ̀ kan sórí tírélà láti dán an wò, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí a ṣe gun afárá tán, tí ẹrù ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí, mo yà sẹ́bàá ọ̀nà, mo sì bì.

"Sún, jẹ́ kí n wà á."

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é."

Mo nu ẹnu mi, mo sì wà á padà sójú ọ̀nà.