Ọmọ Tí Kò Fẹ́ Ga Kí Ìdíje Tó Dé

Ariwo kan ló sọ láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, nígbà tí mo mú ọmọ mi lọ gẹ irun ní Ègbédá. Rédíò onígbàjámọ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún. Wọ́n ní ẹ̀rọ ti wo egungun ọrùn-ọwọ́ àwọn ọmọ wa, wọ́n sì ti dá àwọn kan padà sílé pé wọ́n ti dàgbà jù. Gbogbo ọ̀dọ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù pariwo pọ̀, "Háà!" Onígbàjámọ̀ dá mọ́ṣíìnì rẹ̀ dúró, ó ní, "Mọ́mì, nígbà tiyín ńkọ́, ẹ̀rọ wo ni wọ́n fi ń wo ọmọ?"

Mo ní, "Igi ni."

Wọ́n rò pé mo ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bí mo ṣe sọ ọ́ fún wọn.

Ìkòtún ìgbà èwe mi kì í ṣe Ìkòtún tí ẹ mọ̀ yìí. Ọjà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n á ti tú ká kí oòrùn tó wọ̀. Tí ẹ bá sì kọjú sí Ayọ̀bọ̀, oko ẹ̀gẹ́ ni ẹ ó máa wò títí ojú yín á fi rẹ̀. Ilé tí à ń gbé, yàrá kọjú sí yàrá ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan sì là á láàárín. Tí wọ́n bá ń dín ẹja ní yàrá kan, gbogbo ilé ni itọ́ á máa yọ lẹ́nu.

Yàrá tó kọjú sí tiwa ni Kúnlé ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Tíṣà ni Ìyá Kúnlé, ará Èkìtì. Ìmọ̀ ìlera ló ń kọ́ àwọn ọmọ, tí àwọn àgbà ilé bá sì ń sọ pé èyí ni èèwọ̀, tọ̀hún ni èèwọ̀, ṣíọ̀ ló máa ń ṣe. Kúnlé nìkan ló bí. Ẹsẹ̀ òsì ni ọmọ náà fi ń gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù náà á sì máa tẹ̀lé e bí adìyẹ tó rí àgbàdo lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́dún kan, wọ́n ní àwọn ọmọdé láti Kútọnu àti Lomé ń bọ̀ wá bá àwọn ọmọ agbègbè wa díje lẹ́yìn òjò. Ta ló mọ ọjọ́ orí ọmọ nígbà náà? Ìyá mìíràn á ní ọdún tí iná jó ọjà ni òun bí tòun. Bùọ̀dá Ṣẹ́gun, kóòṣì wa, bá ri òpó méjì mọ́lẹ̀ ní pápá, ó so ọparun dábùú wọn. Ẹni tó bá gba abẹ́ ọparun kọjá tí orí rẹ̀ kò kàn án, ọmọdé ni. Ẹni tó bá kàn án, kó lọ wá ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin á máa tẹ orúnkún wálẹ̀, Bùọ̀dá Ṣẹ́gun á sì fi ẹgba ṣán wọn lẹ́sẹ̀: "Na orúnkún ẹ, bàbá arúgbó!"

Kúnlé kọjá lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàárín orí rẹ̀ àti ọparun kò gba ìka kan. Bùọ̀dá Ṣẹ́gun ní, "A ó tún yín wọ̀n lójú àwọn àlejò o. Kúnlé, rọra máa jẹun!" Òjò sì ti bẹ̀rẹ̀. Àgbàdo ń ga, Kúnlé náà ń ga.

Wọ́n ní ẹrù orí kì í jẹ́ kí ọmọ ga, ló bá di apọnmi gbogbo ilé. Àwọn ìyá wa kò fọwọ́ kan korobá mọ́. Wọ́n á kàn nahùn pè é, "Kúnlé, ọmọ dáadáa, wá ran ara ẹ lọ́wọ́ jàre." Nígbà tí kò rí ìyàtọ̀, ó lọ gbé èyí tó burú jù. Ẹ̀yin náà á ti gbọ́ ọ rí pé tí èèyàn bá dá ọmọ tó dùbúlẹ̀ kọjá, tí kò sì gba orí rẹ̀ padà, ọmọ náà kò ní ga mọ́. Gbogbo wa là ń sá fún un. Kúnlé wá tẹ́ ara rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án gangan.

"Ẹ dá mi kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má padà o!"

A dá a kọjá. Ẹ̀yìnkùlé la wá ń gbà wọlé. Bàbá onílé dá a kọjá láìmọ̀. Ewúrẹ́ Bàbá onílé náà dá a kọjá, Kúnlé sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ tó kàn mí, ẹsẹ̀ mi kan wà níhìn-ín, ìkan wà lókè, nígbà tí Ìyá Kúnlé ti ilé-ìwé wọlé dé.

"Má gbé e lọ sọ́hùn-ún!"

Mo dúró lẹ́sẹ̀ kan bí lékeléke. Obìnrin tó ń ṣe ṣíọ̀ sí èèwọ̀, báàgì já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọwọ́ lérí, èdè Èkìtì tó ti ń fi pamọ́ láti ìgbà tó ti dé Èkó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Ó ní kí gbogbo ilé wá tò, ká padà lójú ẹsẹ̀.

Kúnlé bú sẹ́kún. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n mí ná. Tí wọ́n bá ti wọ̀n mí tán, kí n ga dé ọ̀run!"

Ìyá rẹ̀ jókòó tì í lórí sìmẹ́ńtì. "Ọjọ́ wo ni?"

"Sátidé."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rìnrìn àjò kúrò nílé yìí o."

Ní Sátidé náà, gbogbo wa la tẹ̀lé e lọ sí pápá. Ó ti fá orí, orí ń dán. Àwọn ọmọ Kútọnu kọjá, àwọn ọmọ Lomé kọjá. Nígbà tó kan Kúnlé, ìyá rẹ̀ gbá ọwọ́ mi mú, kò mọ̀ pé òun ń fún un pọ̀. Kúnlé na orúnkún, ó rìn. Ọparun mì díẹ̀.

"Atẹ́gùn ni!" ni Bùọ̀dá Ṣẹ́gun wí. "Kọjá!"

Kúnlé kò tíì wọ bàtà tán tí ìyá rẹ̀ fi ní kó dùbúlẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ padà, àwọn yòókù tẹ̀lé mi, Bàbá onílé ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, wọ́n sì fi okùn fa ewúrẹ́ dé. Kóòṣì Kútọnu ní oògùn là ń ṣe, àwọn kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, ọmọ Kétu ti ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, tí Yorùbá rẹ̀ jinlẹ̀ ju tiwa lọ, ló bi wá léèrè, tó sì ṣàlàyé fún un. Ẹ̀rín sọ. Ọmọ Kétu náà wá rọra sún mọ́ Ìyá Kúnlé: "Mọ́mì, ṣé ti ẹranko náà wà nínú ẹ̀? Ajá ló dá àbúrò mi kọjá."

Wọ́n nà wá lọ́jọ́ náà, Kúnlé sì gbá bọ́ọ̀lù dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun tó ń kọ Ìyá Kúnlé lóminú ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, nítorí ọmọ rẹ̀ kò ga mọ́. Ọyẹ́ dé, ó lọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi gbogbo, á fẹ̀yìn Kúnlé ti férémù ilẹ̀kùn, á fi èédú fàlà lókè orí rẹ̀, ibi tí àná wà náà ni òní wà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Á kàn máa béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ̀yin ará ilé, ṣé kò sí ẹni tó kù ṣá?" Ó gbọ́ nípa oníbúrẹ́dì kan tó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kọjá nígbà náà, ó sì ń wá a káàkiri Ìkòtún.

Òjò ọdún kejì ti ń rọ̀ nígbà tí wọ́n ń múra ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìyá Kúnlé ní ta ló sá ṣòkòtò ọmọ òun sí oòrùn tó fi súnkì báyìí. Kúnlé ní òun ò mọ̀. Ìyá rẹ̀ fa ṣòkòtò wálẹ̀, kò wálẹ̀. Ó fa ọmọ lọ síbi ilẹ̀kùn. A gbọ́ igbe, a sá jáde.

"Ẹ wá wo ṣòkòtò o! Ṣòkòtò ti kúrú!"

Kò ráyè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tòun ti gèlè, ó ń fi bíléèdì tú etí ṣòkòtò, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń kán sórí aṣọ.

Ilé ló kún pápá yẹn báyìí, ọparun sì ti di ẹ̀rọ. Èmi ò bá ẹ̀rọ jà, ó ṣáà sàn ju atẹ́gùn Bùọ̀dá Ṣẹ́gun lọ. Rédíò ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n dá padà bí ẹni pé ayé wọn ti tán, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé nílé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, ẹnì kan á wò ó láti òkè délẹ̀, á rí i pé ó ń dàgbà dáadáa, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀.

Kúnlé ń gbé ní Gowon Estate báyìí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ tó ti darúgbó. Mo lọ kí wọn láìpẹ́ yìí. Màmá ní ọrùn ń ro òun, pé gbogbo ìgbà tí ọmọ yìí bá ń bá òun sọ̀rọ̀ ni òun ní láti gbójú sókè. N kò tíì rí ẹni tí ìráhùn dùn lẹ́nu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.