Àwọ̀n Tó Ya

"Kí ọ̀rọ̀ yìí tó di ti ṣọ́ọ̀ṣì, kí làwọn ará ọjà ń fi í ṣe?"

Ìbéèrè tí ìyá tó ń kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi n'Ílá máa ń bi wá lórí ọ̀rọ̀ inú Bíbélì nìyẹn. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n. Ọkọ wọn, pásítọ̀ tó ti dolóògbé, ló fi ìwé atúmọ̀ èdè Gíríìkì sílẹ̀ fún wọn. Wọn a gbé e sórí itan, wọn a fi etí ìró nu awò ojú. Àwọn ló sọ fún wa pé inú ìfun làwọn Gíríìkì ti ń ṣàánú, bí inú tiwa náà ṣe ń yọ́ sí èèyàn.

Lọ́jọ́ kan, a ka ibi tí Pọ́ọ̀lù ti ní ká mú ẹni tó ṣubú bọ̀ sípò. Ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba aṣọ akọrin lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tó lóyún láìṣègbéyàwó ni. Wọ́n ní kó máa dá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn.

Ìyá ní, "Lédè Gíríìkì, ohun tí apẹja ń ṣe fún àwọ̀n tó ya ni 'mú bọ̀ sípò' yìí. Ó ń rán an ni, kì í jù ú nù."

Alàgbà kan ní, "Òótọ́ lẹ sọ, Mà, àmọ́ ìlànà ìjọ ńkọ́?"

Ìyá ní, "Kí ọmọ náà jókòó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti rí apẹja tó ń rán àwọ̀n látòkèèrè?"

Ìyá pa ìwé dé, wọ́n lọ jókòó ti ọmọ náà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ wa títí ó fi bímọ. Àwa la yí bẹ́ǹṣì wa padà, ni ẹ̀yìn bá di iwájú.