Ẹran Tí Wọ́n Fi Wọn Ìwà Ọmọ Mi

Ọmọ mi kò tíì pé ọdún méje nígbà tí ìyá ọkọ mi ní Òkukù pinnu pé ìwà rẹ̀ kò dára, àti pé ọ̀dọ̀ àwọn ni yóò máa gbé títí ìwà náà yóò fi tọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Ìkìrun là ń gbé. Mo ń ránṣọ níwájú ilé, ọkọ mi ń ṣe tíṣà ní Ìnísà.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wà ní Òkukù pẹ̀lú ìyá wọn, àwọn náà sì ní ọmọbìnrin kan tó fi oṣù díẹ̀ ju tèmi lọ. Mo jowú ọmọ yẹn, mo sì jowú ìyá rẹ̀. Kì í jà, kì í sunkún lásán, a sì máa dìde kí àgbà tó pè é tán. Bí wọ́n bá ń yìn ín lójú mi, ńṣe ló máa ń dà bíi pé èmi ni wọ́n ń bú. Àwọn ará wa ṣáà máa ń sọ pé ọmọ tó dára ni ti bàbá, èyí tí kò dára ni ti ìyá.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a lọ ṣe Kérésìmesì ní Òkukù, nídìí abọ́ iyán. Nílé ìyá ọkọ mi, bí ọmọdé méjì bá jọ ń jẹun, àbúrò ní í pín ẹran, ẹ̀gbọ́n ní í kọ́kọ́ mú. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ni yóò mú kẹ́yìn kò ní fẹ́ pín ìpín ìrẹ́jẹ. Mo ti ronú sí òfin yìí dáadáa. Ẹni tó gbé e kalẹ̀ kò gbà pé ọmọ ènìyàn dára láti inú ìyá rẹ̀ wá.

Ẹran ọ̀yà kan ṣoṣo ni wọ́n bù fún àwọn méjèèjì. Ọmọ mi fà á ya. Ó gbé e sọ́wọ́ ọ̀tún, ó gbé e sọ́wọ́ òsì, ó já fọ́nrán díẹ̀ lára ọ̀kan, ó fi lé èkejì, ó tún wò ó. Inú mi dùn, nítorí bí èmi náà ṣe máa ń wọn aṣọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ wo ojú kòkòrò! Ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má rẹ́ òun jẹ.”

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi na ọwọ́, ó mú apá tó ní eegun, ó fi ẹran gidi sílẹ̀ fún tèmi. Tèmi kò wojú ẹnikẹ́ni. Ó kó o sẹ́nu, ó gbé e mì.

“Ẹ ò rí i?” ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wí. “Ẹnìkan ò kọ́ ọ o. Bí mo ṣe bí i nìyẹn.”

Ìka ẹsẹ̀ mi ká nínú bàtà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo tẹ̀ lé e dé ìdí kànga bóyá yóò ti ẹnìkan. Kò ti ẹnìkan. Mo tẹ́tí sí i nígbà tó ń bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀ bóyá yóò ṣépè. Kò ṣépè. Nígbà tó yá, mo ṣí agolo ṣúgà oníhóró sílẹ̀ lórí tábìlì, mo dúró sẹ́yìn kọ́tìnì. Ó wọlé, ó rí i, ó pa ìdérí rẹ̀ dé kí èèrà má baà wọ inú rẹ̀, ó jáde. Inú mi bàjẹ́ gidigidi.

Kò pẹ́ ni ọmọ tèmi wọlé, ó ṣí i, ó mú hóró kan sẹ́nu. Ó mú òmíràn, ó sáré jáde. Ojú fèrèsé ni mo ti rí i tó fi í sọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi.

“Ta ló fún wa?” ni èkejì bi í.

“Màmá mi ni.”

Ọmọ rere yẹn kò jẹ ẹ́ títí ó fi wá kúnlẹ̀ níwájú mi. “Ẹ ṣé é, mà.”

“Kò tọ́pẹ́,” ni mo dá a lóhùn. Kí ni ǹ bá tún sọ?

Nígbà tó ku ọ̀la ká padà sílé, ìyá ọkọ mi pè wá jókòó. Wọ́n ní kí ọmọ mi dúró sí Òkukù, kó lè kọ́ ìwà lára èkejì rẹ̀. Ọkọ mi tẹrí ba, ó ń fọwọ́ pa orúnkún. Mo kúnlẹ̀. Mo ní àyà ọmọ náà máa ń dún bí òtútù bá mú, pé èmi ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbé orí rẹ̀ ga bó bá ń sùn.

“Àbí èmi ò tọ́ ọkọ rẹ ni?” ni wọ́n bi mí.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbá mi léjìká. “Ìyàwó wa, fọkàn balẹ̀. Bí wọ́n bá jọ wà, ìwà ọmọ tèmi á ràn án.”

“Àǹtí mi, ẹ má bínú,” ni mo wí. “Ẹ ní bí ẹ ṣe bí tiyín nìyẹn. Bó bá jẹ́ àbímọ́ ni, kò lè ran ẹlòmíràn. Bó bá sì jẹ́ pé ìwà ń ràn, tèmi náà lè ran tiyín.”

“Tèmi kẹ̀? Láéláé! Kò síbi tó lè dé tí ìwà rẹ̀ á yí.”

“Ó dá ọ lójú?” ni ìyá ọkọ mi bi wọ́n.

“Ó dá mi lójú dáadáa, Màmá.”

“Ó dáa. Jẹ́ kó tẹ̀ lé wọn lọ sí Ìkìrun. Èyí tí kò lè yí ni ká rán lọ. Èyí tó rọrùn láti bàjẹ́ kò gbọdọ̀ fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dìde lọ di ẹrù ọmọ wọn. Ta ni yóò bá Màmá jiyàn lẹ́yìn irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀?

Láàárọ̀, nígbà tí ọkọ̀ wa ń lọ, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dúró létí títì, wọn kò juwọ́. Èmi gan-an ni wọ́n tẹjú mọ́, kì í ṣe ọmọ wọn. Mo mọ ojú yẹn. Òun ni mo ti ń gbé kiri láti ìgbà Kérésìmesì.

Kí a tó dé Ìnísà, oorun ti gbé ọmọ wọn, ó gbé orí lé mi léjìká. Orí náà fúyẹ́, ó móoru, n kò sì fẹ́ mira. Ọmọ tèmi wò wá títí. Lójijì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti orí náà kúrò.

“Ìyá tèmi ni!”

Èkejì ta jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹkún rẹ̀ nìyẹn.

“Níbo lo ti kọ́ irú èyí?” ni ọkọ mi jágbe mọ́ ọmọ wa.

Ọmọ náà wò mí. Mo fa àwọn méjèèjì mọ́ra, mo yíjú sí ojú fèrèsé.