Màmá Àgbà Kó Ọ̀rọ̀ Wọn Jọ

Kẹ́tùrù ń súfèé lórí gáàsì, ooru rẹ̀ ti bo gíláàsì fèrèsé, síbẹ̀ màmá àgbà kò pa iná. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn, ètè wọn ń mì. Mo mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń wá. Bí mo ṣe la ẹnu láti sọ ọ́, wọ́n na àtẹ́lẹwọ́ sí mi.

“Má sọ ọ́. Màá rí i.”

“Kẹ́tùrù,” ni wọ́n wí níkẹyìn, wọ́n wá pa iná bí ẹni tó ṣẹ́gun.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Èmi, ìyá mi àti màmá àgbà là ń gbé nínú fúláàtì kan lókè ṣọ́ọ̀bù ní Phibsborough, ní ìlú Dublin ní Ireland. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni màmá àgbà ti ń se oúnjẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí yìnyín bo títì, ẹsẹ̀ wọn yọ̀ níbi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, orí wọn sì lu òkúta etí títì. Nígbà tí wọ́n ti ọsibítù dé, ọ̀rọ̀ ti ń sá fún wọn.

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ tó ń kọ́ wọn lọ́rọ̀ sísọ tí kòrónà fi dé, tí ibẹ̀ sì di títì pa. Olùkọ́ náà gbìyànjú láti máa kọ́ wọn lórí fóònù, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ fóònù máa ń mú kí orí fọ́ wọn. Ni màmá àgbà bá sọ ilé wa di iléèwé. Tí wọ́n bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á máa pe gbogbo ohun tí ìgbálẹ̀ bá kàn lórúkọ: àga, bàtà, ẹsẹ̀ tábìlì. Kọ́bọ́ọ̀dù, tí àwa ọmọ Dublin ń pè ní press, ló le jù. “Ilé àwo” ni wọ́n pè é fún bí oṣù kan, àwa náà sì ń bá wọn pè é bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀wà jóná. Èéfín gbalé, ìyá mi sáré wọlé, wọ́n bá màmá àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò níbi tí wọ́n ti ń ká aṣọ jẹ́jẹ́. Màmá àgbà kò gbọ́ òórùn kankan. Lásìkò yẹn, ẹni tí kò bá gbọ́ òórùn mọ́, kòrónà ni gbogbo èèyàn máa ń rò pé ó mú un. Ìyá mi pe dókítà lórí fóònù. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ wá gbé màmá àgbà lọ sí ọsibítù. A mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí: ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní lè tẹ̀ lé wọn. Ta ló máa ní sùúrù fún wọn níbẹ̀, láàárín àwọn tó fi aṣọ bo ẹnu?

Màmá àgbà na ọwọ́ gba fóònù. Ìyá mi ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn bá wọn sọ ọ́.

“Ẹnu mi ṣì wà,” ni màmá àgbà dáhùn.

Wọ́n dìde, wọ́n di etí tábìlì mú, wọ́n sì bá dókítà sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa òkúta inú ìrẹsì. Wọ́n ní àwọn ṣubú. Wọ́n ní orí ni, kì í ṣe ikọ́, kì í ṣe ibà. Láti ọjọ́ náà ni imú àwọn ti kú. Àwọn kàn rò pé oúnjẹ ọsibítù ni kò ní òórùn. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó sì dúró títí wọ́n fi parí. Ó gbà kí wọ́n wà nílé, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá yẹ̀ wọ́n wò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, wọn kò rí kòrónà lára màmá àgbà.

Láti ìgbà tí màmá àgbà ti ṣubú títí di ọjọ́ náà, wọn kò sọ gbólóhùn mẹ́ta tẹ̀ léra rí. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń sunkún. Èmi ò sunkún. Orí mi wú.

Imú màmá àgbà kò là mọ́. Etí ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀. Wọ́n ní ata tí omi ṣì wà nínú rẹ̀ máa ń pariwo, tó bá ti jiná, ohùn rẹ̀ á walẹ̀. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣí padà, tí a tún lè jẹun pọ̀, àwọn ni wọ́n se ọbẹ̀ fún gbogbo ìjọ. Ìyá ìjọ kan bi wọ́n léèrè kí ni wọ́n fi sí i tó ń ta sánsán báyìí. Màmá àgbà wò mí, wọ́n ní ata lásán ni.

Tí àwọn èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ ọdún yẹn, ohun tó gbà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n máa ń kà. Ó gba tiwa náà. Ṣùgbọ́n kí màmá àgbà tó ṣubú, Gẹ̀ẹ́sì ni mo máa ń fi dá wọn lóhùn. Yorùbá tí mo fi ń kọ èyí, inú fúláàtì yẹn ni àwa méjèèjì ti jọ kọ́ ọ: àwọn lẹ́ẹ̀kejì, èmi lẹ́ẹ̀kíní.