Àwọn Ẹ́ńjìnnì Rélùwéè Tó Ń Dípẹtà ní Ọ̀tà

Agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni mo kúrò nílé wa ní Abẹ́òkúta. Ẹnìkan ló sọ fún mi pé orí rélùwéè kékeré méjì, irú èyí tó ń fi èéfín rìn láyé àtijọ́, wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ayọ́rin kan ní Sàngó-Ọ̀tà, wọn ò sì ní pẹ́ jù wọ́n sínú iná. Títí bàbá wa fi kú ni wọ́n ń sọ pé àwọn wa irú rẹ̀ lágbègbè yẹn nígbà èwe wọn. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i.

Lọ́dọ̀ wa, tí a bá gbẹ́lẹ̀ tí omi kún un, kànga là ń pè é. Lójú ọ̀nà Ìfọ̀, títì ni. Awakọ̀ wa ní kí n má bínú, pé wọ́n ti tún ọ̀nà náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lórí rédíò. Nígbà tí a dé Sàngó, mo ra àkàrà mẹ́ta tí kò tó ẹyọ kan ti Abẹ́òkúta, mo sì gun kẹ̀kẹ́ Máruwá dé ilé iṣẹ́ náà.

Mẹ́gáàdì ẹnu ọ̀nà sọ fún mi pé wúrà ni òyìnbó fi àwọn ẹ́ńjìnnì náà kó. Mo béèrè ibi tí wúrà wà ní Ọ̀tà. Ó ní wọ́n ti kó o tán, ìdí nìyẹn tí a ò fi rí i.

Ọ̀gá tó mú mi wọlé ní kì í ṣe rélùwéè rárá, ìkòkò tí wọ́n fi ń se epo pupa ni. Mo tọ́ka sí àwọn ẹsẹ̀ irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n lè máa tì í kiri ni.

Wọ́n kéré lóòótọ́. Àlàfo àárín ẹsẹ̀ wọn kò ju ìgbésẹ̀ mi kan lọ. Igbó ti gba inú wọn yọ, wọ́n sì ti yọ irin tí orúkọ wà lára wọn tà.

Nígbà tí ìbéèrè mi sú ọ̀gá, ó ránṣẹ́ pe Bàbá Lásísì, arúgbó kan tó ń gbé lẹ́yìn ògiri wọn. Bàbá náà fọwọ́ pa ikùn ẹ́ńjìnnì kan. Wọ́n ní gẹdú ni wọ́n fi ń kó jáde nínú igbó lọ́nà Àtàn, àwọn sì ni àwọn ń kóná sí i. Bó ṣe dé ibi tó wà yìí, wọn ò mọ̀.

Inú mi dùn. Mo ní ọmọ Alábá tó ń wà á ni mí. Wọ́n wò mí títí.

"Alábá ará Ẹ̀gbá? Kò wà á rí, ọmọ mi. Omi ló ń pọn sí i. Àmọ́ tí òyìnbó bá lọ jẹun, á gòkè lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń wà á."

Èmi tí mo ti ń fi mẹ́gáàdì rẹ́rìn-ín láti àárọ̀, ó wá kan èmi náà. Ọ̀gá béèrè ohun tí wọ́n fi rélùwéè náà ṣe, bóyá ó ṣeé sọ fáwọn tó ni ilé iṣẹ́ kí wọ́n má yọ́ ọ. Mo ní igi ni wọ́n fi kó. Ó mi orí. Ó ní wúrà ì bá dáa jù.

Mo délé nírọ̀lẹ́. Àkànní àbúrò mi ti jókòó dè mí. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, láìfi omi tí bàbá wa pọn pamọ́. Mo rò pé yóò jiyàn, tàbí kó bi mí bóyá arúgbó náà ṣì wọ́n mọ́ ẹlòmíràn ni. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Àǹtí mi, ṣé ẹ ti sọ fún ẹlòmíràn?"

Mo ní rárá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ fún.